Òfin ilé fún spell nínú D&D: slot, póìntì, dáìsì, ẹ̀jẹ̀ àbí ìsinmi, èwo ló bá tábìlì yín mu?

Ẹ̀yin DM (ẹni tó ń darí géèmù), ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta D&D (Dungeons and Dragons, géèmù ìtàn tí a ń fi dáìsì àti ọ̀rọ̀ ẹnu ta) pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ìbáà jẹ́ lójúkojú, ìbáà jẹ́ lórí Discord, ó máa tó àsìkò kan tí ẹnìkan nínú yín á ní "wizard yìí ti lágbára jù", tàbí kí wizard, ìyẹn onídán, fúnra ẹ̀ máa ké pé spell (idán) òun ti tán nígbà tí ìjà ò tíì gbóná. Ibẹ̀ ni DM á ti lọ wá òfin ilé kan (òfin tí tábìlì kan fúnra wọn yàn láti máa lò) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á gbé e wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà láì bi ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ méjì sí i gbogbo nǹkan á tún dàrú lọ́nà mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni pé kí n to àwọn òfin tó wọ́pọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n mú wizard kan náà gba inú gbogbo wọn kọjá, kẹ́ ẹ lè rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe gan-an kẹ́ ẹ tó mú un. Mi ò ní fi èrò tèmi pa mọ́ o: ọ̀pọ̀ tábìlì tó ń pariwo spell, ìsinmi ló bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, spell ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo tábìlì ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi wọ́n wéra dáadáa.

Wizard tá a máa lò rèé: lẹ́fẹ̀lì 5, Intelligence (ọgbọ́n) 18, Constitution (ìlera ara) 14, HP (iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú) 32, proficiency (àfikún fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe) +3. Òfin D&D tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 ni màá tẹ̀ lé torí òun ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, níbi tí ti àtúntẹ̀ 2024 bá ti yàtọ̀ tó sì ṣe pàtàkì, màá sọ. Fireball ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n nítorí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n, spell bọ́ọ̀lù iná lẹ́fẹ̀lì 3 ni (lẹ́fẹ̀lì spell yàtọ̀ sí lẹ́fẹ̀lì ẹni tó ń pè é), dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ lẹ máa jù, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lápapọ̀, ìyẹn ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 28 ló máa ń mú wá, ẹni tó bá sì rí i yẹ̀ á gba ìdajì.

Slot bó ṣe wà nínú ìwé

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé géèmù yìí jáde ní 1974, magic-user lẹ́fẹ̀lì 1 ní spell kan ṣoṣo lójúmọ́, tó bá ti pè é báyìí ó tán, ó di ọ̀la. Ti òde òní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Slot ni àyè tí spell kọ̀ọ̀kan ń jẹ tán nígbà tẹ́ ẹ bá pè é. Wizard wa ní slot 4 fún spell lẹ́fẹ̀lì 1, slot 3 fún lẹ́fẹ̀lì 2, slot 2 fún lẹ́fẹ̀lì 3, tó bá wá sinmi díẹ̀ ó lè fi Arcane Recovery, agbára kan tiẹ̀, gba ọ̀kan padà nínú ti lẹ́fẹ̀lì 3. Fireball 3 lójúmọ́ nìyẹn, pẹ̀lú spell kékeré 7, àti cantrip (spell kékeré tí kì í gba slot) tí kì í tán.

Ẹ wá wo fighter (jagunjagun) lẹ́fẹ̀lì 5 tó gbé idà ńlá dání. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣá nǹkan tí ọwọ́ bá kàn án, tí méjèèjì bá bà á, nǹkan bí 22 ni, ó sì lè máa ṣá a lọ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó kọ òfin yìí mọ ohun tó ń ṣe, torí ìwé DM ti 2014 sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ kan lè kojú ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́ kí wọ́n tó sùn. Tí ìjà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wizard á máa ṣọ́ slot ná, fighter á gba ògo tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, tábìlì mélòó ló ń ja ìjà mẹ́fà lóòjọ́? Àwa tá a ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tá a ní wákàtí mẹ́ta péré lálẹ́ Sátidé, ìjà kan la máa ń jà, bóyá méjì tí iná NEPA bá dúró, ọ̀rọ̀ sísọ àti rírìn kiri ìlú ló máa gba ìyókù. Ó wá di pé wizard mọ̀ dájú pé ìjà kan ló wà lónìí, á da gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ nínú ìjà kan yẹn, ọ̀tá á ti jóná kí fighter tó rìn débẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́ gbogbo slot ti padà. Ibi tí ariwo "wizard ti lágbára jù" ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé dungeon tó kún fún ìjà lẹ máa ń wọ̀, ẹ fi slot sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Spell point

Èyí náà wà nínú ìwé DM 2014 fúnra ẹ̀. Dípò slot, ẹ ní àpò póìntì kan, bíi data orí fóònù, ohun tó bá wù yín lẹ lè fi ṣe títí á fi tán. Spell lẹ́fẹ̀lì 1 gba póìntì 2, lẹ́fẹ̀lì 2 gba 3, lẹ́fẹ̀lì 3 gba 5, lẹ́fẹ̀lì 4 gba 6, lẹ́fẹ̀lì 5 gba 7, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé lẹ́fẹ̀lì 9 tó gba 13. Láti lẹ́fẹ̀lì 6 sókè, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè pe spell lẹ́fẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gba long rest (ìsinmi gígùn, oorun tó ń dá gbogbo ẹ̀ padà). Póìntì 27 ni wizard wa ní.

Àwọn tó ti ta géèmù orí kọ̀ǹpútà máa ń fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn ò ní béèrè kí ni slot, wọ́n ti mọ̀ pé àpò ni, ó ń dín kù. Sorcerer (onídán tí a bí idán mọ́) pàápàá, ó bá a mu gan-an, torí ó ti ní sorcery point tẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ ọn kí tábìlì fún sorcerer nìkan ní póìntì kí wizard máa bá slot tiẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á wá yàtọ̀ síra wọn lóòótọ́, kò ní jẹ́ pé aṣọ nìkan ló yàtọ̀.

Ìṣirò ni ìṣòro ẹ̀. Póìntì 27 pín sí 5, fireball márùn-ún nìyẹn, ó ṣì ku póìntì 2 tó lè fi pe Shield (spell ààbò lẹ́fẹ̀lì 1) kan. Tẹ́ ẹ bá tún yí Arcane Recovery ẹ̀ sí póìntì 5, ó di mẹ́fà. Mẹ́ta ló ní tẹ́lẹ̀ o! Tó bá dé lẹ́fẹ̀lì 9, póìntì 57 ló máa ní, fireball 11, nígbà tó jẹ́ pé slot 7 péré ló máa ní tó lè gbé fireball. Tàbí kó má ju fireball rárá, kó kó gbogbo 27 yẹn sí Shield, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá, kò sí goblin tó máa fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ kan agbára. Slot ló ń dáàbò bo àwọn spell kéékèèké. Slot lẹ́fẹ̀lì 1 ò lè di fireball láéláé, nítorí náà èèyàn á wá nǹkan fi ṣe: Disguise Self láti gba ẹnu ọ̀nà ààfin wọlé, Feather Fall nígbà tí afárá já, Charm Person fún oníbodè. Nínú póìntì, gbogbo Disguise Self tẹ́ ẹ bá pè, ẹ ń gé lára fireball ni, àwọn èèyàn á bá jáwọ́ nínú ẹ̀. Spell tó máa ń mú gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín ló máa kọ́kọ́ kú. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ póìntì, ẹ fi ààlà sí i: spell lẹ́fẹ̀lì tó ga jù lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀mejì péré kẹ́ ẹ tó sùn, ó tán.

Dáìsì: kẹ́ ẹ jù ú kí spell tó jáde

Èyí ló ń gbayì jù báyìí, kò sì yà mí lẹ́nu torí ó dùn. Géèmù Dungeon Crawl Classics ti ń ṣe é láti 2012, níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ju dáìsì tẹ́ ẹ rí 1 idán lè sọ ara wizard dìdàkudà. Shadowdark tó jáde ní 2023 mú un rọrùn: d20 (dáìsì olójú ogún) pẹ̀lú Intelligence, ẹ gbọ́dọ̀ dé 10 pẹ̀lú lẹ́fẹ̀lì spell náà, tẹ́ ẹ bá kùnà spell yẹn ti sá lọ títí ẹ fi máa sinmi, tẹ́ ẹ bá yege ẹ ṣì lè tún un pè. Kò sí slot rárá.

Ọ̀pọ̀ DM ló ń gbé èyí wọ D&D. Wizard wa ní +4 láti Intelligence àti +3 proficiency, +7 nìyẹn. Fireball fẹ́ 13, tí dáìsì bá fún un ní 6 sókè ó ti jáde, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Spell lẹ́fẹ̀lì 1 fẹ́ 11, ìdá 85. Tẹ́ ẹ bá ṣírò iye fireball tó máa jáde lápapọ̀ kí ọ̀kan tó kùnà, mẹ́ta ni, iye kan náà tí slot fún un! Mo fẹ́ràn pé nọ́ńbà yẹn bọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ láì sẹ́ni tó fipá mú un.

Àmọ́ "lápapọ̀" yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó kùnà ní èyí àkọ́kọ́ pàá, kó wá jókòó ti cantrip láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà títí dé òpin. Mo ti rí i lójú ẹni tó ti ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀tá kó ara wọn jọ sójú kan bí ẹni pé wọ́n ń dúró dè é, ó dìde dúró, ó ju dáìsì, ó yí, ó yí, ó dúró sórí 4. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òun gan-an ni wọ́n ń bá kiri, àwọn mìíràn ò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mọ irú èèyàn tó wà ní tábìlì yín.

Ohun méjì tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe kẹ́ ẹ tó lò ó. Èkíní, ọ̀pọ̀ spell ti ní saving throw (dáìsì tí ọ̀tá ń jù láti fi yẹ̀ ẹ́) tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Hold Person, spell lẹ́fẹ̀lì 2 tó ń dá ọ̀tá dúró sójú kan: wizard wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege, ìdá 80, lẹ́yìn náà kí ọ̀tá kùnà, ká ní ìdá 70, tẹ́ ẹ bá sọ méjèèjì pọ̀ ìdá 56 péré ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fìyà jẹ ẹ́ lórí spell kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, tàbí kẹ́ ẹ ní spell tó bá ti ní saving throw kò nílò ju 10 láti jáde. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí Guidance (cantrip tó ń fi dáìsì olójú mẹ́rin, d4, kún dáìsì ẹlòmíràn) ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é ní ability check (dáìsì tí a fi ń dán agbára wò), cleric (àlùfáà tó ń wo èèyàn sàn) á dúró sẹ́yìn wizard láti àárọ̀ dalẹ́, á máa fi d4 kún un, kò ná an ní nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù, tí àwọn tó ń polówó òfin yìí kì í mẹ́nu bà. Lẹ́fẹ̀lì kékeré ló wà fún. Nígbà tí wizard wa bá dé lẹ́fẹ̀lì 17, +11 ló máa ní, fireball ò ní kùnà àfi tó bá rí 1, fireball mọ́kàndínlógún ló máa jáde lápapọ̀ kí ọ̀kan tó kùnà. Spell lẹ́fẹ̀lì 9 fúnra ẹ̀, tí ìwé ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìdá 65 ló ní láti jáde, tó bá sì jáde ó tún lè pè é. Wish lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sán. Campaign (ìtàn gígùn tẹ́ ẹ jọ ń ta) tó bá máa kọjá lẹ́fẹ̀lì 8 tàbí 9, ẹ má fi èyí bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi slot sílẹ̀ fún àwọn spell ńláńlá. Fún géèmù kúkúrú, ọjọ́ mélòó kan, níbi tí ikú ò ti jìnnà, kò sí èyí tó dà bíi ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀: spell tó ń jẹ HP

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn èrò yìí kí wọ́n tó lò ó. Idán ń jẹ ara ẹni tó ń pè é, ó bá ìtàn mu, Shadowrun, géèmù mìíràn, sì ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1989. Ká ní HP 2 ni fún lẹ́fẹ̀lì spell kọ̀ọ̀kan. Fireball jẹ́ 6, wizard wa tó ní 32 lè jù ú lẹ́ẹ̀márùn-ún, á ku HP 2, ọmọdé lè fi òkúta pa á. Ẹwà wà níbẹ̀, mi ò jiyàn.

Cleric ló máa fọ́ ọ. Cure Wounds lẹ́fẹ̀lì 1 gba HP 2 lọ́wọ́ ẹni tó pè é, ó sì ń wo nǹkan bí 8 sàn lápapọ̀ tí Wisdom ẹ̀ bá jẹ́ 18. Ó san 2, ó gba 8, kí ló wá kù? Á máa pè é láti òwúrọ̀ dalẹ́ lórí gbogbo ẹgbẹ́, HP ò ní tán mọ́ láyé. Àtúnṣe kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ ni pé kí HP tí spell bá jẹ jẹ́ èyí tí ìwòsàn kankan ò lè dá padà àfi long rest, kẹ́ ẹ kúkú dín HP tó pọ̀ jù tó lè ní kù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣì máa dáhùn pé ṣé HP tó lọ yẹn á dán concentration (ìfọkànsí tó ń mú spell dúró) wò, ṣé druid (onídán tó lè di ẹranko) tó ti di béárì á san án lára béárì àbí lára èèyàn. Fún ẹgbẹ́ tó ní onídán ẹnìkan péré, ó lè dára. Tí cleric, druid àti bard bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀.

Wizard kan náà rèé, ọjọ́ kan náà, fireball nìkan:

Slot: 3, gbogbo ìgbà.
Póìntì: 5 tàbí 6.
Dáìsì: 3 lápapọ̀, ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ 8.
Ẹ̀jẹ̀: 5, á sì ku díẹ̀ kó kú.

Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, kò sí ìkankan nínú wọn tó dín wizard kù sí ìsàlẹ̀ iye tí slot fún un lápapọ̀. Ẹni tó lọ wá òfin ilé nítorí pé wizard lágbára jù, tó wá gbé póìntì tàbí ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó ti fi epo sí iná. Ìdí tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ ìsinmi nìyẹn.

Ìsinmi: ẹ fi slot sílẹ̀, ẹ yí oorun padà

Nínú ìwé DM 2014 yẹn kan náà, wọ́n ní ẹ lè sọ short rest (ìsinmi kúkúrú) di wákàtí 8 àti long rest di ọjọ́ 7. Òdìkejì ẹ̀ náà wà níbẹ̀, short rest ìṣẹ́jú 5, long rest wákàtí 1, fún àwọn tó fẹ́ jà láìdúró. Ti ọjọ́ méje yẹn ni mo ń wí. Ẹ ò fọwọ́ kan spell kankan, ẹ ò ṣe ìṣirò tuntun, wizard ṣì ní slot 4, 3 àti 2, àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ni. Ìjà kan lónìí, ìkan lọ́tùn-únla, ìkan lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá fi máa wo ọ̀sẹ̀ náà ìjà mẹ́fà ti pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lálẹ́ Sátidé kan. Fighter padà wúlò. Wizard padà máa ronú kó tó la ẹnu. Kò sí òfin mìíràn nínú àwọn tí mo tò yìí tó kan ibi tí ìrora wà gan-an, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ó ní àwọn ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ka èyí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ DM ti ń jáwọ́.

Arcane Recovery, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2014, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, lẹ́yìn short rest. Tí short rest bá ti di oorun òru, wizard á máa gba slot lẹ́fẹ̀lì 3 kan padà ní gbogbo òwúrọ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan láàárín long rest méjì.

Mage Armor, wákàtí 8 ló ń lò. Tẹ́lẹ̀, slot kan tó fún gbogbo ìrìn àjò ọjọ́ kan. Nísinsìnyí ó ń gba slot ọ̀sẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, kò tọ́. Àwọn spell tó ń pẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí i, Mage Armor kó dúró títí short rest méjì á fi kọjá, ó ti tó. Àwọn ọ̀pá àti wand tó ń gba agbára padà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ náà wà níbẹ̀: Wand of Magic Missiles ń gba 1d6+1 padà lójoojúmọ́ nígbà tí wizard tó gbé e ń dúró ọjọ́ méje, wand ti wá lágbára ju ọ̀gá ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa dúró de long rest bíi tiẹ̀.

Warlock (onídán tó bá ẹ̀mí kan dá májẹ̀mú) ni yóò máa rẹ́rìn-ín. Slot méjì tiẹ̀, short rest ló fi ń gbà wọ́n, gbogbo òru ló máa rí wọn gbà, ọ̀sẹ̀ kan á fún un tó slot lẹ́fẹ̀lì 3 mẹ́rìnlá nígbà tí wizard ní méjì. Mi ò rí i bí ohun tó burú tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́, slot méjì lóòjọ́ kò pọ̀, ó kàn ń jẹ́ kí warlock jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ gbára lé lójú ọ̀nà ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta wizard mọ̀ ṣáájú, kó má baà dà bí ẹni pé wọ́n fi í ṣeré.

Tí ọjọ́ méje bá ti gùn jù fún ìtàn yín, bóyá ọba ti ń kú lọ, àkókò ò sí, ọ̀nà tó rọ̀ wà: long rest kì í ṣẹlẹ̀ àfi níbi tí ààbò wà, ìlú, ilé èrò, tẹ́ńpìlì. Ẹ lè sùn nínú igbó bó bá ṣe wù yín, short rest ni. Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé Leomund's Tiny Hut (spell tó ń ṣe ahéré ààbò) kì í ṣe ìlú, torí wizard máa gbìyànjú ẹ̀, ritual ni, kò ná an ní slot. Ọ̀nà yìí ni èmi fẹ́ràn jù. Ó rọrùn láti ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó máa ka ọjọ́, gbogbo ìrìn àjò wá níye: báwo la ṣe jìnnà sílé tó, kí ló kù lọ́wọ́ wa, ṣé ká padà ni àbí ká tẹ̀ síwájú?

Àwọn kéékèèké tẹ́ ẹ lè fi kún èyíkéyìí

Èròjà spell: ẹ má da ara yín láàmú pé wizard gbọ́dọ̀ ní ìgbẹ́ àdán àti imí ọjọ́ kó tó ju fireball, àpò èròjà wà fún ìyẹn. Àwọn tó ní iye owó ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Revivify, tó ń jí òkú, ń jẹ dáyámọ́ńdì 300 gold, Raise Dead ń jẹ ti 500, wọn kì í padà. DM tó bá sọ pé dáyámọ́ńdì wọ́n ní ìlú yìí, pé oníṣòwò kan ṣoṣo ló ń tà á, ó ti sọ ikú di nǹkan ẹ̀rù láì kọ òfin tuntun kankan.

Counterspell (spell tó ń pa spell ẹlòmíràn): ti 2014, spell lẹ́fẹ̀lì 3 sísàlẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, kò sí dáìsì. Ti 2024 ní kí ẹni tó ń pe spell ju Constitution saving throw, tó bá sì kùnà kò pàdánù slot ẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ mú ti 2024, kódà tó bá jẹ́ pé 2014 lẹ fi ń ṣe gbogbo ìyókù. Kò sí ohun tó ń dun èèyàn bíi kó dúró de ọwọ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n wá pa spell ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kí slot náà tún lọ.

Ọfọ̀: àwọn tábìlì kan máa ń fúnni ní advantage (jíju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kí a mú èyí tó ga), tàbí kí ọ̀tá ní disadvantage (òdìkejì ẹ̀), tí ẹni tó ń pe spell bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí wizard ń sọ. Níbí, àwa Yorùbá ní nǹkan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ò ní, torí ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí mọ̀ bó ṣe ń lọ, ẹ máa kọ́kọ́ sọ ohun tí kì í yẹ̀ láyé kẹ́ ẹ tó pàṣẹ. "Pápá kì í gbọ́ ohùn iná kó dúró, òkùnkùn kì í rójú oòrùn kó jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú mi yìí, ẹ túká!" Kí dáìsì mẹ́jọ wá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ara gbogbo èèyàn á bù máṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan ni kẹ́ ẹ fi mọ o, torí ọfọ̀ Magic Missile ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ò dùn mọ́. Ẹni tójú ń tì tàbí tí ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu ẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun dù ú, ẹ̀bùn ni òfin yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ẹni tó bá sọ ọ́, kò gbọdọ̀ di ìyà fún ẹni tó dákẹ́.

Èwo wá ni?

Tó bá jẹ́ pé wizard ló ń jẹ ìjà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, ẹ mú ìsinmi, long rest ní ìlú nìkan, kẹ́ ẹ tún Arcane Recovery ṣe. Ẹ má ronú lé ìkankan nínú àwọn yòókù.

Tó bá jẹ́ pé idán ti sú yín, ó ti dà bíi títẹ bọ́tìnì, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹ̀ mọ́, dáìsì ni, pàápàá tí campaign náà ò bá ní pẹ́. Ẹ fi ọfọ̀ kún un.

Tó bá jẹ́ pé àwọn tuntun ò mọ slot, tó ń gba àkókò yín láti ṣàlàyé, ẹ fún wọn ní póìntì pẹ̀lú ààlà tí mo sọ lókè. Ẹ̀jẹ̀, fún ìtàn alẹ́ kan tó ṣókùnkùn, tí gbogbo yín ti mọ̀ pé kò ní sẹ́ni tó máa yè é.

Òfin yòówù kẹ́ ẹ mú, ẹ má gbé méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí nǹkan bá dàrú ẹ ò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ sọ fún gbogbo tábìlì kí wọ́n tó kọ lẹ́fẹ̀lì 1 sórí ìwé wọn, tó bá sì jẹ́ àárín campaign lẹ wà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ spell tàbí class (irú akọni) ẹ̀ pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lójú ẹsẹ̀, pàápàá ẹni tó ń ta wizard, torí òun ló mú class yẹn nígbà tí òfin ṣì jẹ́ òmíràn.